Títì lẹ́ńsì dé f/22 kọ́ ló ń mú kí àwòrán ìtòsí mú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ya kòkòrò, òdòdó tàbí òrùka láti ìtòsí ló gbà pé bí àwòrán ò bá mú, kí a sáà yí lẹ́ńsì sí f/22 tàbí f/32 (bí nọ́ńbà f ṣe ń tóbi ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú lẹ́ńsì ń kéré), ó parí. Ìdajì òótọ́ ni. Ibi tó wà nínú fókọ́ọ̀sì á gùn sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí ojú ibì kan níbẹ̀ tí yóò mú bó ṣe yẹ.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò tóóró kọjá máa ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Diffraction nìyẹn. Tí nǹkan bá wá tóbi lórí sẹ́ńsọ̀, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, bó ṣe tóbi gan-an, ìyẹn 1:1, nọ́ńbà f náà di nǹkan bí ìlọ́po méjì: f/16 tí o yàn ń ṣiṣẹ́ bíi f/32. Tóótó ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo á fẹ̀ tó nǹkan bíi 0.04 mílímítà, bẹ́ẹ̀ píksẹ́lì, ẹyọ tóótó inú àwòrán, ní ọ̀pọ̀ kámẹ́rà full frame (tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 36 sí 24) kò ju 0.004 sí 0.006 lọ. Lẹ́ńsì macro (ti àwòrán ìtòsí) Nikon máa ń yí nọ́ńbà náà padà lójú kámẹ́rà bí o ṣe ń sún mọ́ nǹkan. Canon kì í sọ fún ẹ.

Láti mọ ibi tí lẹ́ńsì tìrẹ ti mú jù, má fi kòkòrò dán an wò. Owó bébà tuntun ló dáa, nítorí àwọn ìlà tín-ín-rín ara rẹ̀. Ìwé tí inkjet tẹ̀ ò wúlò: yíǹkì ti ràn sínú bébà, o ó wá máa dá lẹ́ńsì lẹ́bi. Lẹ owó náà mọ́ pátákó, gbé kámẹ́rà lé tripod, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí owó àti kámẹ́rà kọjú síra gbọọrọ. Ojú lásán ò tó fún èyí o. Fi jígí pẹlẹbẹ lé orí owó náà. Tó o bá rí imú lẹ́ńsì rẹ láàárín gbùngbùn àwòrán, ó ti tọ́.

Pa autofocus (fókọ́ọ̀sì aládàáṣe) àti stabilizer (ohun tó ń dín gbígbọ̀n kù), fi ISO, bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 100, lo táímà kí ọwọ́ rẹ má gbọn kámẹ́rà. Ya á ní f/4, 5.6, 8, 11, 16 àti 22. Fi live view, àwòrán ojú ẹsẹ̀ lójú kámẹ́rà, sún un ńlá, kí o sì tún fókọ́ọ̀sì ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ihò tí o fẹ́ fi yà á gan-an, torí fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì mìíràn máa ń yẹ̀ bí ihò ṣe ń kéré. Ẹni tó bá fo èyí á rò pé f/8 burú ju f/4 lọ. Wo gbogbo wọn ní 100%. Àárín f/5.6 sí f/8 ló sábà máa ń borí.

Ní 1:1 lórí full frame, ibi tó mú ní f/8 kò ju bíi mílímítà kan lọ. Nítorí náà, tó o bá fọwọ́ di kámẹ́rà mú, mímí lásán ti tó láti gbé e kúrò. Ohun tí kì í rìn, ya á lọ́pọ̀ ìgbà ní f/5.6, kí o máa sún síwájú ní 0.4 mílímítà, kí o sì fi kọ̀ǹpútà pa wọ́n pọ̀. Kòkòrò tó wà láàyè ò ní dúró dè ọ́. Fún un, f/11 pẹ̀lú fíláàṣì, kí ojú rẹ̀ ṣáà mú.