Ẹ má sanwó fún "kọ́ńtráàtì àwọn dúdú Amẹ́ríkà" kankan o, kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù iléèwé ní Òkèyínmi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajílósùn, Adó-Èkìtì, níbi tí mo ti ń báàyàn ṣe ìwé CAC àti fọ́tòkọ́pì, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ìwé kan jáde látorí fóònù àwọn. Mo ṣí i. Àsíá Amẹ́ríkà wà lókè, wọ́n kọ 8(a), orúkọ ètò kọ́ńtráàtì ìjọba Amẹ́ríkà kan, gàdàgbà sí i, orúkọ màmá wà nísàlẹ̀, ìwé ọ̀hún ní wọ́n ti wà lára àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà máa gbé kọ́ńtráàtì fún, kí wọ́n máa retí ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Mo ní màmá, èló lẹ san? Wọ́n ní 185,000 náírà. Owó tí wọ́n ti ń tọ́jú láti fi ra máṣíìnì ńlá, èyí tó lè rán aṣọ nípọn, ni wọ́n kó fún ẹni yẹn. Àyà mi já.

Mi ò lè dákẹ́, torí kì í ṣe màmá yẹn nìkan. Kò sí ibi téèyàn jókòó sí tó ń jẹ iyán ní Adó yìí tí ẹ ò ní gbọ́ ọ, pé ìjọba Amẹ́ríkà ti ya kọ́ńtráàtì sọ́tọ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú, pé téèyàn bá ṣáà ti lè rẹ́jísítà, wọ́n á gbé e fún un. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń tètè wọni lára.

Ètò náà wà lóòótọ́. SBA ni wọ́n ń pe ọ́físì tó ń bójú tó àwọn oníṣòwò kékeré lọ́hùn-ún, ọdún 1953 ni wọ́n dá a sílẹ̀, abala 8(a) nínú òfin wọn ló fún ètò yìí lórúkọ. Òfin ní kí ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú kí dọ́là 23 nínú gbogbo 100 tó bá ń ná lórí kọ́ńtráàtì lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kékeré, kí 5 nínú 100 sì dé ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ kékeré tó jẹ́ tàwọn tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti àìrówó ti dí lọ́nà. Ètò tó dáa ni, inú mi dùn pé ó wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan ń fi ta wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ màmá ti parí sí: ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ sítísìn Amẹ́ríkà, kó ní ó kéré tán 51 nínú 100 rẹ̀, kó sì jẹ́ òun gan-an ló ń darí ẹ̀ lójoojúmọ́. Green card ò tó, físà ò tó, ká má tiẹ̀ sọ ẹni tó jókòó sí Òkèyínmi. Bí wọ́n ṣe ń mú wa ni pé wọ́n á kọ́kọ́ báàyàn rẹ́jísítà iléeṣẹ́ kan (LLC) sí ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà, ìyẹn sì ṣeé ṣe láti Nàìjíríà níbí, ojúlówó ìwé ni, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ sì rí i, ọkàn yín á wá balẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá gbé ayédèrú 8(a) lé e lórí. Ẹ sì tún gbọ́ o, SBA ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀wé sí wọn fún 8(a). SAM.gov tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba kọ́ńtráàtì ìjọba Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ sí, ọ̀fẹ́ ni.

Ti aláwọ̀ dúdú yẹn náà, ó ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá jẹ́ sítísìn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, SBA á gbà láìbéèrè púpọ̀ pé wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ yín dù yín rí. Ní oṣù Keje 2023 ni adájọ́ ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ kan ní Tennessee ní wọn ò gbọdọ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, látìgbà náà, kálukú ló ń fúnra ẹ̀ kọ ohun tójú ẹ̀ rí, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bó ṣe pa iṣẹ́ rẹ̀ lára. Wọ́n tún máa wo owó yín: tí wọ́n bá yọ ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé àti owó tó wà nínú iléeṣẹ́ yẹn kúrò, ohun tẹ́ ẹ ní ò gbọdọ̀ ju 850,000 dọ́là lọ.

Ẹni tó bá wá rí i gbà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ìkéré, rí i gbà. Sítísìn ni wọ́n, Maryland ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ ìmọ́tótó ọ́físì ni wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ tí sátífíkéètì jáde, àwọn ará ilé ti ń pè wọ́n fún owó òrùlé. Ọdún kan àti oṣù méjì ni wọ́n fi jókòó láìrí kọ́ńtráàtì kankan! Wọ́n ń ti ọ́físì kan bọ́ sí òmíì, wọ́n ń pín ìwé olójú méjì tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí, wọ́n ń kọ tẹ́ńdà, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń sọ iye tí wọ́n máa gbà ṣe iṣẹ́, wọ́n ń pàdánù. Lóòótọ́ ọ́físì ìjọba lè gbé kọ́ńtráàtì fún iléeṣẹ́ 8(a) kan láìpe ẹlòmíì sí i, tówó ẹ̀ ò bá ti kọjá iye tófin fi sí i, ṣùgbọ́n ọ́físì yẹn ní láti mọ̀ yín kó sì fọkàn tán iṣẹ́ yín ná. Nígbà tí àkọ́kọ́ wá dé, ilé kékeré kan ni, àwọn fúnra wọn ló ń ti ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ káàkiri ní aago mẹ́wàá alẹ́. Òfin wọn ní kí ìjọba sanwó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tó bá pẹ́ kó fi èlé sí i, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì-méjì làwọn òṣìṣẹ́ wọn ń gbowó, kírẹ́díìtì káàdì ni wọ́n fi san ti oṣù àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án péré lèèyàn ń lò nínú ètò yẹn, ẹ̀ẹ̀kan láyé. Tó bá parí, ó parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, èyí tèmi tiyín ni. A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé, ẹnì kan á gba kọ́ńtráàtì, á tà á fún ẹlòmíì, á mú ten percent, á lọ sùn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá fi orúkọ yín gbà á kí ẹlòmíì máa ṣe é lábẹ́lẹ̀, ẹ sá o. Fún iṣẹ́ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi yìí, iléeṣẹ́ tó gba kọ́ńtráàtì ò gbọdọ̀ kó ju ìdajì owó tí ìjọba san lọ fún iléeṣẹ́ mìíì tí kò sí nínú ètò 8(a) bíi tiẹ̀. Ẹni tó bá sì purọ́ pé òun wà lára àwọn tí ètò yìí wà fún lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún mẹ́wàá, kó tún san tó 500,000 dọ́là.

Màmá bi mí pé ṣé kò wá sí nǹkan kan níbí ni. Ó wà, àmọ́ òun náà nílò sùúrù. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́, pólì wà ní Adó níbí, ọsibítù ńlá wà ní Ìdó, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ òfin Public Procurement Act 2007, òfin yẹn sì ní tí wọ́n bá fẹ́ ṣí tẹ́ńdà, gbangba ni kí wọ́n ti ṣí i, kí wọ́n pe orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti iye tó pè síta, ẹnikẹ́ni tó bá wù lè wá jókòó gbọ́ ọ. Màmá ní àwọn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní tó bá di pé wọ́n ń ra aṣọ nọ́ọ̀sì, kí n pe àwọn.

Ọjọ́ Ajé la jọ ń lọ sí bánkì, kí wọ́n bá wa wo àkáǹtì tówó yẹn wọ̀, lẹ́yìn ẹ̀ a ó kọjá sí ọ́físì ọlọ́pàá. Ẹni tí wọ́n bá ti fún nírú ìwé yìí ní Adó tàbí ní Ìkéré, kó mú tiẹ̀ dání wá, ká jọ lọ.