Ṣé dandan ni ilé ìtọ́jú kí èèyàn tó bọ́ lọ́wọ́ bárakú?

"Bí kò bá wọ ilé ìtọ́jú, kò lè jáwọ́ láé." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ẹbí tó ti sunkún sú, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ó sì ń dùn mí, torí ẹni tí kò rówó ìtọ́jú á gbọ́ ọ, á sì gbà pé ọ̀ràn òun ti kọjá àtúnṣe.

Ẹ wo àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti Vietnam darí wálé lóṣù kẹsàn-án ọdún 1971. Nǹkan bí ẹni 1 nínú 5 ni heroin, oògùn olóró kan, ti di bárakú fún lọ́hùn-ún. Lee Robins, onímọ̀ tó tọpasẹ̀ wọn, rí i pé nínú àwọn tí heroin ti di bárakú fún yẹn, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 péré ló tún di bárakú fún láàárín ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n padà délé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló gba ìtọ́jú. Wọ́n ti kúrò níbi tí heroin ti pọ̀, tí ẹ̀rù ikú ń bá wọn sùn, wọ́n sì ti padà sáàárín àwọn èèyàn wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ti jáwọ́ nínú sìgá náà, fúnra wọn ni wọ́n jáwọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ọtí ti di bárakú fún sọ pé agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló le jù fún òun. Ó yí ọ̀nà tó ń gbà relé padà, ó pa nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ ń mu rẹ́. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó tún dìde.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ tipẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ kó tó mu ún, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Bákan náà ni oògùn tó ń mú ara balẹ̀ bíi Valium. Ti heroin yàtọ̀: ẹni tó ti fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè pa á bó bá padà sí i.

Àìwọ ilé ìtọ́jú kò sì sọ pé kéèyàn dá nìkan wà. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi yìí kì í wàásù fún un. Bó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́fà lù, á kanlẹ̀kùn, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ bàtà yín, ká rìn jáde."