Ìṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń fa àrùn ìgbàgbé

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pín kiri pé ẹni tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ẹni 50 ọdún, àrùn ìgbàgbé ti gbà á nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ìwádìí fi hàn pé ìṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti ìfàsẹ́yìn ọpọlọ máa ń rìn pọ̀. Àmọ́ kí nǹkan méjì máa rìn pọ̀ kò sọ ọ̀kan di dandan fún èkejì. Ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn níbí, ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 fi àwọn àgbà wa tó ti lé ní 65 ọdún wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, l'Ámẹ́ríkà. Èsì jáde ní 2001: nínú 100 àgbà, nǹkan bí 1.35 ni àrùn náà ń mú lọ́dún níbí. Ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́ nìkan ló ń fà á, tiwa ni ì bá pọ̀ jù. Ẹ wá Indianapolis-Ibadan Dementia Project, ẹ ó rí i kà.

Ìyá tí ìrònú owó ilé-ìwé ọmọ gbà lọ́kàn lè gbàgbé ṣéńjì oníbàárà ní Bódìjà, kó rántí kó tó délé. Ìrònú nìyẹn. Ti àrùn ni kó di náírà mú, kó má mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, tàbí kó sọnù lójú ọ̀nà ilé tó ti ń gbà láti 30 ọdún. Dókítà ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì ń ṣe ọpọlọ léṣe, wọ́n sì ṣeé tọ́jú.

Bí ìyá bá bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀mẹwàá. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ti béèrè rí.