Ẹ̀ṣẹ̀ àbúrò lẹ gbé ka ẹ̀gbọ́n lórí: àwọn fáànù àtijọ́ ò kórìíra Star Trek 2009 o

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi. Ibi yòówù kí wọ́n ti dárúkọ Star Trek ti 2009, èyí tí J.J. Abrams darí nínú ọ̀wọ́ fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú yẹn, ẹnì kan á ṣáà yọjú, á ní "haa, àwọn ojúlówó fáànù ò gba ìyẹn o, àwọn èrò òde tí ò mọ nǹkan kan ló fẹ́ràn ẹ̀." Á sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Irọ́ ni jàre.

Ẹ jẹ́ ká padà sí April 6, 2009, ní Austin, Texas. Àwọn fáànù kún sinimá kan tó ń jẹ́ Alamo Drafthouse fọ́fọ́, ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé The Wrath of Khan, Star Trek àtijọ́ kan, ni wọ́n fẹ́ wo, kí wọ́n tó wá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú fíìmù tuntun hàn wọ́n. Ẹ ro irú èèyàn tó máa jáde nílé lálẹ́ Monday torí fíìmù ọdún 1982 tó ti mọ̀ látòkèdélẹ̀, bí ìyẹn ò bá ṣe ojúlówó fáànù, ta wá ni? Khan bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ ni àwòrán bá ń yọ́ lójú wọn bí ẹni pé iná mú fíìmù yẹn, ó dúró gbà, àfi bí Leonard Nimoy, òṣèré tó ń ṣe Spock láti àtijọ́, ṣe yọ síwájú wọn, Spock gangan, ó bi wọ́n pé ṣé wọn ò kúkú ní fẹ́ wo tuntun yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ariwo ta. Wọ́n sì wò ó kí àwọn ará Sydney tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá fún tó rí i lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wò ó tán, wọ́n dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kórìíra nǹkan ni?

Ó dáa, ẹ lè ní inú sinimá kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ṣáájú ẹ̀ nígbà yẹn. Nemesis, fíìmù Star Trek tó ṣáájú ẹ̀, jáde ní 2002, àwọn òṣèré tí fáànù mọ̀ dunjú ló wà níbẹ̀ o, mílíọ̀nù 67 dọ́là péré ló pa káàkiri ayé. Nígbà tó di 2005 wọ́n dá Enterprise, eré Star Trek orí tẹlifíṣọ̀n, náà dúró, ilẹ̀ wá mọ́ kanlẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ọdún mẹ́rin ni ebi fi ń pa wọ́n. Fíìmù 2009 pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 385, mi ò sì ní tan ara mi jẹ, owó èrò òde pọ̀ nínú ẹ̀ dáadáa, owó nìkan ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn fáànù (ẹ rọra di ọ̀rọ̀ yìí mú, mo ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀).

Ibo wá ni ìtàn ìkórìíra yìí ti wá? Mo rò pé apá kan ọwọ́ àwọn tó ń polówó fíìmù yẹn ni. Àwọn fúnra wọn ló ń pariwo nínú ìpolówó pé èyí kì í ṣe Star Trek ti bàbá yín. Bẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé á rò pé bàbá ń bínú, nígbà tí bàbá ti wà lórí ìlà tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Apá kejì tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, fídíò kan tí The Onion ṣe lọ́dún yẹn, níbi tí àwọn fáànù ti ń ráhùn pé fíìmù tuntun yìí dùn jù, pé ó ṣeé wò jù. The Onion! Àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n fi ìròyìn dápàárá lọ. Àwàdà yẹn ń rìn títí, lẹ́nu àwọn kan ó di ẹ̀rí.

Lóòótọ́ àwọn kan kùn kó tó jáde. Tírélà ń fi Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ inú ìtàn náà, hàn lọ́mọdé, ó ń wa mọ́tò lọ sínú ọ̀gbun, Abrams náà sì là á mọ́lẹ̀ pé òun kì í ṣe fáànù Star Trek láti kékeré, ta ni ò ní fura? Àmọ́ fáànù Star Trek kì í ṣe kó má kùn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé Spock máa kú nínú Wrath of Khan, wọ́n fi lẹ́tà ìbínú ránṣẹ́, fíìmù yẹn náà ni wọ́n wá ń pè ní ọba gbogbo wọn lónìí. The Next Generation, eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek mìíràn, bẹ̀rẹ̀ ní 1987, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ apárí. Ẹ lọ sọ̀rọ̀ Picard, apárí yẹn, láìda níwájú wọn báyìí kẹ́ ẹ wò ó.

Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ gbà á gan-an ni ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ ìtàn yẹn. Wọn ò pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Nero, ọ̀tá inú fíìmù náà, bọ́ láti 2387 sí 2233, ó ba ọkọ̀ Kelvin jẹ́, bàbá Kirk kú síbẹ̀, láti ibẹ̀ ni ayé ti yà sí ọ̀nà méjì, ti àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà, a kàn ń wo ìkejì ni. Spock àgbà tó tẹ̀lé Nero wá sì rántí gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n ṣe run Vulcan, ayé àwọn Spock, dun èèyàn o, ó dun èmi náà, ṣùgbọ́n kí nǹkan dun èèyàn yàtọ̀ sí kó kórìíra ẹ̀.

2013 ni wàhálà dé. Into Darkness, ìkejì tí Abrams ṣe. Wọ́n fi bí ọdún kan búra pé ẹni tí Benedict Cumberbatch ń ṣe kì í ṣe Khan, ọ̀tá inú fíìmù 1982 yẹn, John Harrison ni, a dé sinimá, Khan ni! Òyìnbó ará England pọ́ńbélé ló wá ń jẹ́ Khan Noonien Singh, orúkọ ará Íńdíà. Wọ́n wá kó òpin Wrath of Khan, wọ́n yí i padà, Kirk ló kú lẹ́yìn gíláàsì, Spock ló pariwo orúkọ Khan, kò pẹ́ wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ Khan jí Kirk dìde, ikú tó gbà wá lómijé ní 1982 wá di ohun tí abẹ́rẹ́ ń wò sàn. Abrams fúnra ẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé ì bá sàn káwọn ti sọ òótọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ní August ọdún yẹn, àwọn fáànù tó pàdé ní Las Vegas dìbò, Into Darkness ló gbẹ́yìn pátápátá, kódà Galaxy Quest tí kì í ṣe Star Trek rárá, tó kàn ń fi Star Trek ṣe yẹ̀yẹ́, lọ sókè jù ú lọ. Òun náà sì ni owó ẹ̀ pọ̀ jù, ó lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là! Ẹ rí ohun tí mo sọ nípa owó? Ìbínú 2013 yìí ni wọ́n kó padà sí 2009, bẹ́ẹ̀ àárín wọn tó ọdún mẹ́rin gbáko.

Ní 2016 Beyond, ìkẹta wọn, jáde, ìyẹn jọ ti àtijọ́ gan-an, mo gbọ́ tí àwọn tó ṣì ń bínú sí Khan ń yìn ín, àwọn èrò òde ni ò wá bíi ti tẹ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣáà fẹ́ rí ohun tẹ́ ẹ máa fi bú fíìmù 2009, ẹ wo ibi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wà. Inú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pọn bíà Budweiser ní California ni wọ́n ti yà á, ọkọ̀ òfuurufú ọ̀rúndún kẹtàlélógún kún fún páìpù àti àgbá ọtí. Ìyẹn, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá.