Nelson kò fi aṣọ bo ojú kan rí

Ẹ bi ọ̀pọ̀ èèyàn bí Horatio Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe rí. Wọ́n á ní apá kan ló ní, aṣọ dúdú sì bo ojú rẹ̀ kan. Ti apá, òótọ́ ni: ní oṣù Keje 1797, ìbọn bà á ní Santa Cruz ní erékùṣù Tenerife, wọ́n sì gé apá ọ̀tún náà lóru ọjọ́ yẹn. Ti aṣọ ojú, irọ́ gbáà ni.

Ojú ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́. Ọjọ́ 12 oṣù Keje 1794, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn Faransé jà ní Calvi, ní Corsica, ọta àgbá kan balẹ̀ nítòsí rẹ̀, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sì fọ́n sí i lójú. Látìgbà náà, ojú yẹn ò ṣe ju kó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹyinjú wà níbẹ̀ digbí. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí Fanny ìyàwó rẹ̀ pé èèyàn ò lè rí àbùkù náà àfi tí wọ́n bá sọ fún un. Nígbà tó ń wá owó gbà-má-bínú lórí ojú yìí, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó jẹ́rìí sí i.

Ẹ tún wo ìtàn ogun Copenhagen, ní Denmark, ní 1801. Hyde Parker ọ̀gá rẹ̀ ta àsíá pé kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró. Wọ́n ní Nelson gbé awò awọ̀nàjíjìn sí ojú tí kò ríran, ó ní òun ò rí àsíá kankan. Tó bá jẹ́ pé aṣọ bo ojú náà, ta ló fẹ́ gbé awò síbẹ̀ tàn?

Òpó gíga tí wọ́n gbé ère Nelson lé ní Trafalgar Square, ní London, wà lára ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà pẹ́ nílẹ̀. Láti ilẹ̀ dé orí ère náà ju mítà 50 lọ. Ní 2010 tí Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà ọmọ wa, gbé àwòkọ Victory, ọkọ̀ ogun Nelson, inú ìgò sí Trafalgar Square náà, tó fi aṣọ bí àǹkárá ṣe ìgbòkun rẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè nàgà tó tó máa rí ojú ọkùnrin náà látìsàlẹ̀. Kò sí aṣọ lójú ère yẹn o.

Ohun tó jọ ọ́ jù ni ìbòòji aláwọ̀ ewé tó ní kí wọ́n fi sí etí fìlà rẹ̀. Ojú òsì tó ń ríran ló fi ń gbà lọ́wọ́ oòrùn, torí ẹ̀rù ń bà á kí èyí náà má lọ. Fìlà náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní London, lórí ère tí wọ́n fi ìda mọ ní 1806, ọdún kan lẹ́yìn tó kú sí ogun Trafalgar.