Èsì wa sí oníbàárà wa ní Àgbádárìgì: jọ́ńpà ni, orí rẹ̀ kò já

Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún àpò jọ́ńpà, pẹlẹbẹ ike kékeré kan lára búlọ́ọ̀kù ìṣeré tí ọmọdé fi ń kọ́lé, tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, a sì fara balẹ̀ ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní ọjà tó ti bàjẹ́ la kó fún yín, pé pẹlẹbẹ tó yẹ kó ní orí méjì (orí ni kókó róbótó tó yọ sókè lára ike, tó ń wọ abẹ́ òmíràn), orí kan ṣoṣo ló ní, wọ́n ti gé ìkejì dànù, a sì gba owó orí méjì lọ́wọ́ yín. Ẹ ní ilẹ̀kùn ilé tí ọmọ yín ń kọ́ fún iṣẹ́ ilé-ìwé wọ́, àlàfo sì là sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tún ní ẹrù pẹ́ kó tó dé. Ìta gbangba lẹ ti sọ ọ́, ìta gbangba náà la ó ti fèsì, torí àwọn tó fẹ́ rà lọ́la ń kà á. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹyọ kan lọ́wọ́ kí ẹ wò ó. Pẹlẹbẹ olórí méjì lásán, orí kan wà lápá ọ̀tún, ìkan wà lápá òsì. Ká ní ẹnìkan fi abẹ gé ọ̀kan kúrò ni, èyí tó ṣẹ́ kù ì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti ọwọ́ yín yìí, àárín gbùngbùn ni orí rẹ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ń dán. Kò sí abẹ tó lè gé orí kan kí èyí tó kù wá rìn lọ sáàárín. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Jọ́ńpà là ń pè é. Nọ́ḿbà tí àwọn tó ń kọ́ nǹkan fi ń wá a ni 3794, irú tuntun rẹ̀ tó ní ihò láàárín ìdí ni 15573. Àwòrán tó wà lójú ọjà kí ẹ tó sanwó, orí kan náà ló fi hàn. Ní ti owó, iye kan náà la ń ta jọ́ńpà àti pẹlẹbẹ olórí méjì. Ike là ń tà, a kì í ka orí kí a tó gbowó.

Kí wá ni iṣẹ́ orí àárín yẹn? Láti orí kan dé èkejì lára búlọ́ọ̀kù ìṣeré, mílímítà 8 ni. Ohun yòówù kí ẹ tò, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sún: 8, 16, 24. Bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan sún díẹ̀, kó má tó orí kan, búlọ́ọ̀kù lásán kò ní gbà fún yín. Ti jọ́ńpà, orí rẹ̀ bọ́ sí agbedeméjì orí méjì, nítorí náà ohun tí ẹ bá gbé lé e á sún ní ìdajì, mílímítà 4 péré. Bí ẹ bá fẹ́ kí òkè padà sójú ìlà, ẹ tún fi jọ́ńpà mìíràn sí i, 4 mìíràn á sún, ó ti di odidi nìyẹn. Tiwa kì í ṣe Lego gan-an, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà ni: ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù tí Godtfred Kirk Christiansen, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Lego, wá ìwé ẹ̀tọ́ fún ní Dẹ́nmáàkì lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1958.

Inú wa dùn pé ẹ fi àwòrán iṣẹ́ ọmọ yín sí i. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ló ń kọ́, èyí tó wà ní Marina lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì parí ní 1845. Ọmọ náà lọ́wọ́, ẹ bá wa kí i. A ka orí tó wà ní ìdí ògiri iwájú nínú àwòrán yẹn, 15 ni. Férémù ilẹ̀kùn fẹ̀ tó orí 4. Ẹ yọ 4 kúrò nínú 15, ó ku 11. Ẹ pín in sí méjì, ó di 5 àti ààbọ̀ lọ́tùn-ún, 5 àti ààbọ̀ lósì. Ààbọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe jọ́ńpà fún. Ọmọ yín ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ibẹ̀ ló yẹ kó lò ó, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbàlagbà kan ń rajà lọ́wọ́ wa tí wọn ò tíì rí i títí di òní.

Abẹ́ ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Jọ́ńpà méjì ló tò tẹ̀léra, ìyẹn gba àyè orí 4. Àmọ́ ilẹ̀kùn tó ti sún ní ìdajì ti kọjá etí jọ́ńpà kejì, ó ti lọ gun orí lásán tó tẹ̀lé e. Orí yẹn kò bá ihò kankan mu lábẹ́ férémù, etí férémù ló gbé sókè. Orí kan ga ju mílímítà kan ààbọ̀ lọ díẹ̀, ìyẹn sì tó láti mú kí ilẹ̀kùn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ ṣe rí i.

Ẹ ní kó yọ jọ́ńpà méjèèjì yẹn. Nínú àpò kan náà, ẹ ó rí irú kan tó gùn tó orí 3 ṣùgbọ́n tó jẹ́ orí 2 ló wà lókè rẹ̀. Nọ́ḿbà rẹ̀ ni 34103. Kó fi ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀, kó wá fi jọ́ńpà kékeré kan tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ gba àyè orí 5, orí tó wà lókè wọn jẹ́ 3, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì wọ abẹ́ ilẹ̀kùn láìku ìkan. Kò ní sí orí àjèjì kankan tí yóò tì í sókè. Orí 5 lọ́tùn-ún, 5 lósì, 5 láàárín, 15 pé. Bí kò bá fẹ́ tú u, kó fi pẹlẹbẹ dídán tí kò lórí rárá rọ́pò èyí tó ń ti ilẹ̀kùn yẹn, ilẹ̀kùn á jókòó.

Àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ìṣirò ló bí i. Ohun tó bá sún ní ìdajì gbọ́dọ̀ fi ìdajì sílẹ̀ lápá méjèèjì, kò sì sí búlọ́ọ̀kù tó fẹ̀ tó ìdajì orí lásán. Ọ̀nà kan wà o. Pẹlẹbẹ dídán nípọn tó mílímítà 3.2. Ẹ jẹ́ kó fi búlọ́ọ̀kù tó lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ḿbà 87087, parí ògiri, kí orí ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjú sí ilẹ̀kùn, kó wá tẹ pẹlẹbẹ dídán mọ́ ọn ní òòró. Nínú mílímítà 4, 0.8 péré ló kù. Ẹni tí kò bá dìídì wá a kò ní rí i.

Àmọ́ bó bá jẹ́ àwa lẹ bi kí ẹ tó rà á, a ó ní kí ọmọ náà fi orí kan kún ògiri kó di 16: 6 lọ́tùn-ún, 4 ilẹ̀kùn, 6 lósì, kò sí jọ́ńpà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́ àwa là ń tà á, síbẹ̀ a kò ní purọ́ pé ibi gbogbo ló yẹ ẹ́.

Ibi tó yẹ ẹ́ jù, lójú tiwa, ni fèrèsé, ilé tí ọmọ yín ń kọ́ yìí sì ní fèrèsé púpọ̀. Kó jẹ́ kí ògiri nípọn tó orí 2 lábẹ́ fèrèsé. Kó wá to jọ́ńpà síbẹ̀ ní ìbú, kí apá kan wà níwájú ilé, kí apá kejì wà lẹ́yìn, kí wọ́n fara kan ara wọn. Bí ẹ bá wò wọ́n báyìí, àlàfo àárín orí wọn jẹ́ 8 bíi ti gbogbo búlọ́ọ̀kù, àmọ́ gbogbo ìlà náà ti sún sẹ́yìn ní mílímítà 4. Fèrèsé tó bá gbé lé e á wọnú díẹ̀, òjìji á bọ́ sí etí rẹ̀, kò sì ní sí àlàfo kankan lọ́tùn-ún tàbí lósì, torí pé ẹ̀yìn ló sún sí. Ògiri tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi páálí á wá jọ ògiri ilé gidi. Ẹ jẹ́ kó dán èyí wò kó tó gbé iṣẹ́ lọ fún olùkọ́ rẹ̀.

Kó má ṣe gbé nǹkan gígùn lé jọ́ńpà kan ṣoṣo. Orí kan kò lè di nǹkan mú kó má yí. Méjì ló kéré jù, kí pẹlẹbẹ gígùn kan sì de àwọn méjèèjì pọ̀ lókè. Fún òpó ìloro, jọ́ńpà 2 sí 2 (tó gba àyè orí 2 ní gígùn, 2 ní ìbú), nọ́ḿbà 87580, ló dára, torí pé ó ń sún nǹkan síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ tó tún fowó ra ìyẹn, ẹ yí búlọ́ọ̀kù 2 sí 2 kan dojú dé: ọ̀pá oníhò tó wà láàárín ìdí rẹ̀ yẹn, orí kan máa wọ inú rẹ̀ pinpin. Bí orí bá dá wà níbì kan, tí pẹlẹbẹ dídán yí i ká, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù náà lé e, ó ti sún ní ìdajì lápá méjèèjì láìsí jọ́ńpà.

Ti ẹrù tó pẹ́: ọjọ́ tí ẹ sanwó ló kúrò lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú, ọwọ́ ẹni tó gbé e ló ti dúró. A ti yọ owó ìkẹ́rù kúrò nínú ohun tí ẹ bá tún rà lọ́wọ́ wa.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ dá jọ́ńpà padà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ dá a padà, èyí tí ọmọ ti lò pẹ̀lú. A ó dá owó yín padà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè.

Ẹ̀yin tó ń béèrè lábẹ́ ọ̀rọ̀ Mọ́mì bóyá a ní aláwọ̀ eérú: ó wà, funfun ló tán.