Ẹ Sọ Iye Yúnìtì Tẹ́ Ẹ Máa Gbà Kẹ́ Ẹ Tó Gba Owó Wa

"Ẹ kọ́kọ́ sanwó ná. Tẹ́ ẹ bá wọlé tán, a ó wá wo àwọn kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti ṣe."

Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbaniwọlé ní yunifásítì ń sọ fún àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń bí mi nínú. Òun ló ń jẹ owó àwọn èèyàn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ bí ìkán ṣe ń jẹ òpó ilé. Ẹ wọ àwọn kafé tó wà ní Under-G nírọ̀lẹ́, ẹ dé Tákìé, ẹ dé Òwódé l'Ọ̀yọ́, ẹ ó rí wọn: òṣìṣẹ́ báńkì, ẹni tó ń ṣe POS, ìyá tó ń ta aṣọ òfì l'Ákẹ́sàn. Òru ni wọ́n fi kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí data òru pọ́ọ́kú tí iná sì wà. Wọ́n ti yege. Wọ́n fẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ́ wọ inú dìgírì Business Administration, kí ọdún tó kù dín kù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó fọ́ọ̀mù, owó ìgbaniwọlé àti owó ilé ìwé tán ni wọ́n tó máa gbọ́ pé ọdún tí wọ́n rò pé àwọn ti gé kúrò ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ìṣirò lásán sì ni iye ọdún tó máa kù o! Kì í ṣe ohun tí a ní láti difá sí kí a tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé lè ṣe é ní wákàtí kan pẹ̀lú bírò àti ìwé àtòkọ kọ́ọ̀sì ẹ̀ka náà. Wọn ò ṣe é ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí yúnìtì fúnra rẹ̀. Nílẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì wa, ṣe là á sílẹ̀, yúnìtì kan jẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ 15. Kọ́ọ̀sì oníyúnìtì 3 jẹ́ wákàtí 45 nìyẹn. Ẹ wá wo sẹ́tífíkéètì tí ẹnì kan gbà lórí Coursera, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ibòmíì tó jọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ojú ewé kọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé wákàtí 20 ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi 15 pín 20: yúnìtì kan àti díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa sọ ọ́ di mẹ́ta. Ẹni tó bá kó irú rẹ̀ mẹ́ta jọ lórí kókó kan ṣoṣo, bí ìmọ̀ ìṣírò owó, ti ní wákàtí 60 lọ́wọ́, ìyẹn lè jókòó bá HOD, olórí ẹ̀ka, sọ̀rọ̀. Ẹni tó mú ẹyọ mẹ́ta wá lórí kókó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò rí nǹkan kan mú dání. Ta ló sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì ń kọ "ìwé ẹ̀rí láti yunifásítì ńlá" gàdàgbà, iye wákàtí sì wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà kíkéré.

Ti ẹni tó ṣe ojúlówó kọ́ọ̀sì yunifásítì ìlú òkèèrè tún wá yàtọ̀, nítorí nọ́ńbà wọn kì í ṣe nọ́ńbà wa. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi credit (bí wọ́n ṣe ń pe yúnìtì níbẹ̀) 120 ni gbogbo dìgírì ọdún mẹ́rin, kọ́ọ̀sì kan sì sábà máa ń jẹ́ 3. Ìyẹn súnmọ́ tiwa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, credit 120 jẹ́ ọdún kan péré, 360 ni gbogbo dìgírì. Credit kan níbẹ̀ jẹ́ wákàtí 10 iṣẹ́ ẹ̀kọ́ lápapọ̀, àti èyí tí olùkọ́ kọ́ni àti èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ dá kà nílé. Ẹni tó bá gba credit 20 níbẹ̀, tó wá ń yọ̀ pé òun ní yúnìtì 20, ohun tó ní lọ́wọ́ kò ju nǹkan bíi 5 lọ ní ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà. Àwọn alágbàtà tó ń lẹ pátákó "UK dìgírì lórí fóònù rẹ" mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n dákẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn mí jù rèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ilé ìwé lè sọ pé "a ti gbà á" kí ó má sì dín ọjọ́ kan kù nínú ọdún yín.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹnì kan mú kọ́ọ̀sì 10 wá, yúnìtì 30. Lẹ́tà jáde: "A gba yúnìtì 24." Wọ́n pe ẹbí, wọ́n ra ohun mímu. Ẹ wá ṣí àtòkọ wò. Nínú 24 yẹn, 9 péré ló dípò kọ́ọ̀sì tó jẹ́ dandan. Wọ́n kó 15 yòókù sí abẹ́ elective, ìyẹn àwọn kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Àyè elective tó wà nínú dìgírì náà sì lè má ju 6 lọ. Yúnìtì 9 wá ń léfòó lókè, kò ní ibi tó máa bà sí. 24 lórí ìwé, 15 nínú iṣẹ́. Bí kọ́ọ̀sì dandan kan ṣoṣo tó jẹ́ ti 100 level bá sì ṣẹ́kù, ìyẹn nìkan tó láti da gbogbo ètò rú, nítorí kọ́ọ̀sì ń tẹ̀lé ara wọn ni: ACC 101, kọ́ọ̀sì ìṣírò owó, lẹ ó ṣe kẹ́ ẹ tó ṣe ACC 102, kẹ́ ẹ tó dé ti 200 level. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ń wáyé. Èyí tó bá jẹ́ ti Harmattan, sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá pàdánù rẹ̀, kò ní wáyé ní Rain, sẹ́mẹ́sítà kejì, ẹ ó dúró dìgbà tí ọyẹ́ mìíràn bá dé.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ó kó gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀. Yúnìtì 24 ni òpin tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi sí sẹ́mẹ́sítà kan. Bí iṣẹ́ 200 level bá jẹ́ 18, tí gbèsè 100 level sì jẹ́ 9, 27 nìyẹn. Portal tí ẹ fi ń forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kò ní gbà á. Mẹ́ta á kù sílẹ̀, mẹ́ta yẹn á sì fa ọdún kan gùn. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín "gbà" àti "dípò" ni gbogbo ìyà yìí ti ń wá, ọ̀rọ̀ méjì péré, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó ń la ìyàtọ̀ yẹn fún èèyàn níbi fèrèsé tí wọ́n ti ń ta fọ́ọ̀mù.

Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn kọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń kọ̀ tí wọ́n sì jàre. Ìmọ̀ ìṣírò owó tí wọ́n ń kọ́ni láti Amẹ́ríkà sábà máa ń tẹ̀lé US GAAP, ìlànà ìṣírò owó tiwọn. Nàìjíríà ti gba IFRS, ìlànà ìṣírò owó ti àgbáyé, láti ọdún 2012. Ìlànà LIFO, tó ní kí ọjà tó wọlé gbẹ̀yìn jẹ́ èyí tí a kọ́kọ́ ṣírò pé ó jáde, US GAAP fàyè gbà á, IFRS kò gbà á rárá. Òfin okòwò tiwọn kò mọ nǹkan kan nípa CAMA 2020, òfin tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà. Àwọn kọ́ọ̀sì GST (ẹ̀kọ́ gbogbogbòò) àti ENT (ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀) tún wà, tí NUC fi sínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tó là sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì: GST 111, GST 112 tó dá lórí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà àti àṣà wọn, GST 212, ENT 211, GST 312, ENT 312. Oníyúnìtì 2 ni wọ́n, mẹ́fà ni wọ́n, 12 lápapọ̀. Ta ni yóò kọ́ yín ní GST 112 láti California? Ẹ yọ 12 yẹn kúrò nínú ìrètí yín láti ọjọ́ kìíní. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́, wọn ò kàn ní sọ ọ́ jáde.

Àwọn olùkọ́ tún ń sọ pé ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ẹni tó ń ṣọ́ni, pé èèyàn lè dáhùn ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún títí tó fi máa gbà á. Òótọ́ ni. Mo gbà. Ó dáa, ẹ wá ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà! Ẹ pè wọ́n wọ gbọ̀ngàn, ẹ gba fóònù wọn, ẹ fún wọn ní ìbéèrè ACC 101 ti ọdún tó kọjá. Ẹni tó bá yege, ẹ fún un ní yúnìtì rẹ̀. Kì í ṣe àrà tuntun nìyí. College Board, àjọ kan tó ń ṣe ìdánwò ní Amẹ́ríkà, ní ìdánwò CLEP fún irú nǹkan yìí gan-an: ó wà fún ìmọ̀ ìṣàkóso, fún ìpolówó ọjà, fún ìṣírò owó, fún òfin okòwò. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 20 dé 80, 50 sì ni wọ́n dámọ̀ràn pé kí ilé ìwé fi fúnni ní yúnìtì. Kí ló dé tí kò lè sí irú rẹ̀ níbí? A ní gbọ̀ngàn. A ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe CBT. A ní olùkọ́.

Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé Amẹ́ríkà láti Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń jẹ ìyà tiwọn. Wọ́n á rí "ACE credit recommendation" lára kọ́ọ̀sì kan, ìyẹn ìmọ̀ràn ACE, àjọ ètò ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, lórí iye credit tó yẹ kí wọ́n fún un, wọ́n á rò pé àṣẹ ni. Ìmọ̀ràn ni. Ilé ìwé tó bá wù ú á gbà á, èyí tí kò wù á dà á nù, ACE kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbẹ̀ tún ní kí èèyàn ṣe nǹkan bíi credit 30 lọ́dọ̀ àwọn fúnra wọn, bó ti wù kí ohun tó kó wá pọ̀ tó, àwọn kọ́ọ̀sì ọdún kẹta àti ìkẹrin nínú okòwò sì ni wọ́n ń ṣọ́ jù, pàápàá níbi tó ní ìfọwọ́sí AACSB, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ okòwò wò. Wọ́n sábà ń béèrè C sókè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó transcript (ìwé máàkì) Nàìjíríà lọ bá wọn nípasẹ̀ WES, iléeṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí ìlú òkèèrè, ẹ má sanwó "document-by-document" o! Ìyẹn máa sọ pé ẹ ní ìwé ẹ̀rí, kò ní to kọ́ọ̀sì yín lọ́kọ̀ọ̀kan. "Course-by-course" lẹ ó san, torí láìsí i, kò sí ohun tí ilé ìwé yẹn máa fi yọ credit fún yín. Owó dọ́là ni wọ́n ń gbà fún méjèèjì, ẹ sì mọ iye tí dọ́là jẹ́.

Ìwé ńkọ́? Sẹ́tífíkéètì kì í ṣe transcript. Ẹ jẹ́ kí ó wọ̀ yín létí. Transcript ni ó ń kọ máàkì àti yúnìtì, ọ́fíìsì rẹ́jísírà ibi tẹ́ ẹ ti kàwé ló sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ tààrà sí rẹ́jísírà ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ jáde ní kafé, wọn ò ní wò ó. Ẹ tún fi àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì kún un: ohun tí wọ́n kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye wákàtí, ìwé tí wọ́n lò, bí wọ́n ṣe pín máàkì. Ẹ gbà á sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ṣe kọ́ọ̀sì lọ́wọ́, nítorí lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n lè yí i padà tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Orúkọ náà ń kó bá èèyàn: ẹni tó fi ìnagijẹ ṣí àkáǹtì, obìnrin tó fi orúkọ baba kàwé tó sì wá fi orúkọ ọkọ ṣe NIN. JAMB ń lo NIN. Bí orúkọ kò bá bára mu, ẹ máa lọ búra nílé ẹjọ́, ẹ máa gbé e sínú ìwé ìròyìn, ọjọ́ ìparí ìforúkọsílẹ̀ á sì ti kọjá.

Ti JAMB fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Direct Entry, ọ̀nà tí èèyàn fi ń wọ 200 level tààrà, mọ ìwé ẹ̀rí bíi ND, NCE, IJMB, JUPEB àti irú wọn. Kò mọ sẹ́tífíkéètì orí fóònù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa fi í gbé yín wọ 200 level, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ìwé kò ju ìwé kan lọ. Ojú ewé kan ṣoṣo, ọ̀wọ́ mẹ́ta: kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá, kóòdù kọ́ọ̀sì wa tó dípò rẹ̀, iye sẹ́mẹ́sítà tó kù. Kí HOD buwọ́ lù ú, kí déètì wà lórí rẹ̀. Kẹ́ ẹ gba owó kékeré fún iṣẹ́ àyẹ̀wò náà, kò burú, a ó san án. Ṣùgbọ́n kí ìwé yẹn wà lọ́wọ́ ìyá aláṣọ òfì náà kó tó san owó ìgbaniwọlé, kó lè rí i pé ọdún mẹ́rin lòún máa lò tàbí ọdún mẹ́ta, kó sì mọ̀ bóyá òun á ta ọjà òun tàbí òun á fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí ìwé yẹn tó jáde, ẹ má san kọ́bọ̀.